Fáìlì Ò Mọ Igi

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa ṣe gìtá fúnra wọn nílẹ̀ wa. Wọ́n ní bí o kò bá tíì ní CNC, ìyẹn ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, eré lo ṣì ń ṣe. Mo gbọ́ ọ ní Ìlaròó níbí, mo gbọ́ ọ l'Ékòó, mo sì ń rí i lójoojúmọ́ lórí fóònù. Irọ́ ni, irọ́ tó ń náni lówó sì ni. Fún ẹni tó ń fọwọ́ ṣe gìtá, tó fẹ́ gbẹ́ ipa tóóró tí ọ̀ṣọ́ máa wọ̀ sí lára igi, ọ̀bẹ tó mú, chisel tóóró méjì àti trimmer kékeré kan ló yẹ kó kọ́kọ́ rà. CNC lè dúró. Fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ó lè dúró títí ayé.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé bàbá arúgbó kan ló ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni mo kà ní yunifásítì, kóòdù ni mo ń kọ jẹun, mi ò sì tíì pé ogójì ọdún. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ẹni tó mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀rọ kì í forí balẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ara gìtá pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni òrùka tó yí ihò àárín gìtá ká. Èkejì ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, dúdú àti funfun, tí wọ́n fi ń yí gbogbo etí gìtá ká. Yàtọ̀ sí ẹwà, òun ló ń dáàbò bo etí náà nígbà tí gìtá bá forí gbá nǹkan. Ẹ̀kẹta ni àwòrán tí wọ́n ń fi ìkarahun, egungun tàbí igi mìíràn ṣe sí orí àti ọrùn gìtá. Iṣẹ́ kan náà ló wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O máa gbẹ́ ipa tí kò jìn, bíi mìlímítà 1.5 sí 2. O máa lẹ ọ̀ṣọ́ náà mọ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà o máa fá a títí òun àti igi á fi dọ́gba. Bí ipa bá fẹ̀ ju ọ̀ṣọ́ lọ, ojú á rí i. Ìdajì mìlímítà ti pọ̀ jù. Gọ́ọ̀mù àti lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi dí àlàfo náà ò ní tan ẹni tó bá gbé gìtá yẹn sún mọ́ iná.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè irinṣẹ́ tó yá jù tàbí èyí tó wọ́n jù, ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí: ibo ni irinṣẹ́ yìí ti ń mú ìwọ̀n rẹ̀? Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń mú ìwọ̀n lára igi tó wà níwájú rẹ̀. Èkejì ń mú ìwọ̀n nínú fáìlì.

Ẹ wo gramil. Àwọn tó ń ṣe gìtá ní Spéènì ti ń lò ó tipẹ́, kò sì ju ọ̀bẹ kékeré tó ní ìfaratì lọ. O máa gbé ìfaratì yẹn sí ara gìtá, o máa fà á yí etí ká, ọ̀bẹ á sì máa fa ìlà kan tí kì í sún mọ́ etí jù, tí kì í jìnnà jù. Bí ara gìtá bá ṣe yí, bẹ́ẹ̀ ni ìlà náà á ṣe yí. Tó o bá fa ìlà kan lójú gìtá, tó o fa èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, o ti gé iṣan igi láti ọ̀nà méjèèjì. Chisel á wá kó ohun tó wà láàárín wọn kúrò, igi ò sì ní ya kọjá ibi tí ọ̀bẹ ti gbà. Trimmer, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn káfíńtà fi ń gé etí formica, ọgbọ́n kan náà ló ń lò tó o bá fi ẹnu tó ní bíárìn sí i. Bíárìn náà á fara ti ẹ̀gbẹ́ gìtá, ẹnu rẹ̀ á sì gbẹ́ níbi tí bíárìn bá gbé e lọ. Iná ló ń lò lóòótọ́, ó sì ń yí bíi ìgbà 30,000 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n igi ló ń tọ̀.

CNC ò fara ti ohunkóhun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣí G-code wò rí, ẹ mọ̀ bó ṣe rí: ìlà lẹ́yìn ìlà, lọ sọ́tùn-ún báyìí, sọ̀kalẹ̀ báyìí, máa lọ síwájú. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tó ń béèrè pé, "Ṣé igi ṣì wà níbi tí mo fi í sí?" Bí igi bá wà níbẹ̀, ó dáa. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ á gbẹ́ afẹ́fẹ́, tàbí kó gbẹ́ ìka ẹni.

Gìtá tí a fọwọ́ ṣe kì í sì í sí níbi tí fáìlì sọ pé ó wà. Omi àti iná la fi ń tẹ pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tá a bá sì tú u kúrò nínú àpótí ìtẹ̀gi, á fẹ́ padà díẹ̀. Apá òsì lè fi mìlímítà kan fẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ. Ojú gìtá pàápàá kì í tẹ́ pẹrẹsẹ; ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó yọ díẹ̀ láàárín kó lè gba agbára okùn. Ẹ wá fi ojú ọjọ́ tiwa kún un. Lásìkò òjò, igi ní Ìlaròó máa ń mu omi, á sì fẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún kì. Lọ́nà ìbú ló sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Lọ́nà gígùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Fáìlì tó o yà nínú oṣù Kẹsàn-án ṣì wà bó ṣe wà nínú oṣù Kìíní. Igi ò sí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa sọ. Wọ́n á ní a lè so abẹ́rẹ́ ìfọwọ́kàn mọ́ ẹ̀rọ náà kó lọ máa tẹ ojú igi wò níbi púpọ̀ kó tó gbẹ́ ẹ, kí kọ̀ǹpútà wá tún fáìlì ṣe. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ o! Ẹ ra ẹ̀rọ tí kò mọ igi, ẹ tún ra ohun tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan igi, ẹ wá jókòó kọ kóòdù tó máa so méjèèjì pọ̀. Gbogbo èyí ká lè gba ohun tí àtàǹpàkò yín ti mọ̀ láti àárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ẹ̀rọ tí owó ọ̀dọ́ lè ká. Èyí tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì jù ni wọ́n ń pè ní 3018. Orúkọ yẹn ni ìwọ̀n rẹ̀: sẹ̀ńtímítà 30 níbùú, 18 lóòró. Ara gìtá dreadnought tí gbogbo ayé mọ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 50, ibi tó fẹ̀ jù lára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ẹ̀rọ yẹn lè gba orí gìtá. Ó lè gba òrùka ihò àárín kẹ́ ẹ tó so ojú gìtá mọ́ ara rẹ̀, tẹ́ ẹ bá mọ bẹ́ ẹ ṣe máa dọ́gbọ́n gbé pákó náà sábẹ́ rẹ̀. Etí gìtá tó gba sùúrù jù nínú iṣẹ́ náà, kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Èyí tó lè dé ibẹ̀, owó ilẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ nígbà tó o ń lo trimmer, wàá gbé e kúrò, wàá mu omi, wàá dúró. Tí iná bá dé, bíárìn ṣì máa fara ti igi níbi tó ti fara tì í tẹ́lẹ̀. Tí iná bá lọ nígbà tí CNC wà láàárín iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré yẹn ni kì í rántí ibi tí wọ́n wà mọ́. O ní láti wá ibi ìbẹ̀rẹ̀ padà, tó o bá sì fi ìwọ̀n irun orí ṣì í, ipa tuntun ò ní bá ti àtijọ́ mu. Ẹ máa ní kí n tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi owó epo kún iye tẹ́ ẹ máa pè lórí gìtá náà, kẹ́ ẹ wá wo ẹni tó máa rà á.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, owó àti ìnira ni. Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀nà, àwòrán gan-an tá a fẹ́ gbẹ́ sára gìtá.

Ẹnu CNC rí róbótó, ó sì ń yí. Ohun tó rí róbótó ò lè gbẹ́ igun tó mú sínú igi. Tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ tó mìlímítà 1, gbogbo igun inú ipa ló máa fi ìlàjì mìlímítà yí kọ́rọ́bọ́tọ́. Àwọn òyìnbó tó ń fi ìkarahun ya ìtàkùn àti òdòdó sọ́rùn gìtá, èyí ò dà wọ́n láàmú. Ìtàkùn ò ní igun. Ẹ wá wo ọ̀nà tiwa: ara ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ara ọpọ́n Ifá, ara ilẹ̀kùn ààfin, ara igbá fínfín. Onígun mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra. Onígun mẹ́rin tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Okùn tó lọ́ mọ́ra, tó gba abẹ́ ara wọn kọjá. Igun ló kún ibẹ̀. Tó o bá gbé e fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fá gbogbo igun yẹn kúrò, ìwọ náà á sì wò ó pé kò dáa tó. Kí ni ọ̀pọ̀ wá ń ṣe? Wọ́n á pa ọ̀nà náà tì, wọ́n á lọ gba fáìlì ìtàkùn ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ló ń yan ọ̀nà fún wa nígbà yẹn. A ṣe gìtá ní Yewa, ìtàkùn California ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sọ pé ẹnu onímú bíi V wà tó lè dé inú igun. Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹnu V ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń jìn sí i. Tí ó bá jẹ́ èyí tó ṣí ní igun 90, tí ojú igi sì fi mìlímítà 0.2 péré ga ju bí fáìlì ṣe rò lọ, ipa náà á fi mìlímítà 0.4 fẹ̀ jù. Mo ti sọ fún yín pé ojú gìtá kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. A tún ti padà síbi tá a ti bẹ̀rẹ̀: fáìlì ò mọ igi.

Àwọn agbẹ́gilére wa ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Nínú ìwé tí Kevin Carroll ṣe lórí iṣẹ́ gbígbẹ́ Yorùbá lọ́dún 1967, ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ ère pín sí: ọnà lílé, níbi tí àáké ti ń yọ ìrísí ère jáde, àlétúnlé, níbi tí orí, ojú àti apá ti ń yanjú, dídán, lẹ́yìn náà fínfín. Ọ̀bẹ ló ń ṣe fínfín, ìgbẹ̀yìn ló sì ń wá. Agbẹ́gilére kì í fa ìlà irun tàbí ilà ojú kó tó mọ bí orí náà ṣe rí nígbà tó dán tán. Ère tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ ibi tí ìlà máa gbà. Ohun tí ẹni tó ń ṣọ̀ṣọ́ sára gìtá nílò nìyẹn, kò lé, kò dín.

Ibí yìí gan-an sì ni ìmọ̀ yẹn wà. William Bascom wá láti Amẹ́ríkà lọ́dún 1950 wá wo bí Duga ará Ìmẹ̀kọ ṣe ń gbẹ́gi, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Henry Drewal àti Margaret Drewal kọ ìwé ńlá lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 1983, Henry fúnra rẹ̀ sì ti jókòó kọ́ gbígbẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére Yorùbá. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001, wọ́n sì fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé wọn lọ́dún 2008. Àwọn èèyàn ń wọkọ̀ òfuurufú wá kọ́ ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Àwa tá a wà níbí ń ra dátà ká lè wo ẹni tó ń gbẹ́gi ní Texas.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká ará Yewa lára ju ẹlòmíràn lọ. Ìdógò tó wà nítòsí wa yìí ni wọ́n bí Ebenezer Obey sí lọ́dún 1942, gìtá ló sì fi gbayé. Ìran tiwọn gba gìtá òyìnbó lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n sì ta á títí ohùn rẹ̀ fi di Yorùbá. Ìran tiwa ti fẹ́ máa ṣe gìtá ọ̀hún fúnra wa. Ṣé ká wá jẹ́ kí ara rẹ̀ máa sọ èdè tí ohùn rẹ̀ ti pa tì?

Mo fẹ́ bá àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ ní apá kejì sọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ohun tó bá ti ń lo iná kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Mi ò sí lẹ́yìn yín. Ẹ lọ wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ti gbé alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú lé e lórí, wọ́n sì ti ń fi ọ̀dà inú agolo kùn ún látọjọ́ pípẹ́. Àwọn baba wa ò bẹ̀rù ohun tuntun. Wọ́n kàn ń bi í léèrè ohun tó wá ṣe ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń ṣe gìtá lo trimmer rẹ̀. Ibi tó gùn tó sì tẹ́, kó jẹ́ kí iná ṣe é. Tó bá kan igun, tó kan ibi tí iṣan igi ti ń yí padà ní ìbàdí gìtá, kó pa iná, kó mú ọ̀bẹ.

CNC náà ní àyè tirẹ̀. Taylor, ilé iṣẹ́ gìtá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1974, ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, gìtá wọn sì dáa. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, wọ́n ń ṣe gìtá kan náà léraléra, wọ́n sì ń ṣọ́ bí afẹ́fẹ́ inú ilé ṣe tutù tó kí igi má bàa yí padà. Wọ́n ti mú kí igi jọ fáìlì kí wọ́n tó gbé e fún ẹ̀rọ. Èyí tá a ń ṣe lábẹ́ páànù ní Ìlaròó, kò jọ ọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbí tó ń fi ọ̀gànwó àti apá ṣe gìtá. Ó ti dá àjọ fún ìgbà pípẹ́, ó sì fẹ́ fi owó náà ra CNC nítorí ohun tí wọ́n kọ́ wọn níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrónilágbára kan. Ó gbé fóònù wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi wo ẹ̀rọ yìí."

Mo bi í pé, "Gìtá mélòó lo ń ṣe lọ́dún?"

"Mẹ́rin, sà. Bóyá márùn-ún."

"Ṣé wọ́n máa ń jọra?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń fẹ́."

Kò sí ẹni tó ń kọ kóòdù dáadáa tó máa fi oṣù kan kọ ètò fún iṣẹ́ tó ń wáyé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, tí kì í sì í jọra wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ wa ń kọ́ni nìyẹn. Fáìlì kan á gba ọjọ́ méjì láti yà, wàá dán an wò lórí pákó tí kò wúlò, wàá tún un ṣe, lẹ́yìn náà wàá lò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọ̀bẹ á ti gbẹ́ ipa rẹ̀ tán.

Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń sọ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ ra ọ̀bẹ ìfàlà kan àti òkúta tẹ́ ẹ máa fi pọ́n ọn, kẹ́ ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ títí á fi lè gé irun ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá chisel méjì, mìlímítà 3 àti 6. Tòkúnbọ̀ tó jẹ́ irin gidi sàn ju tuntun tó ń ká. Ẹ ṣe gramil fúnra yín: ègé igi líle kan, ègé abẹ ayùn kan àti ìdè méjì. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó ra trimmer, ẹnu tó ní bíárìn àti ẹnu tín-ín-rín fún orí gìtá. Ẹ fi pákó arère kọ́ ọwọ́. Ó rọ̀, kò wọ́n, ó sì tètè ń fi àṣìṣe hàn. Tẹ́ ẹ bá dé orí ìrókò, ẹ máa pọ́n irin yín lemọ́lemọ́, torí òkúta kékeré máa ń wà nínú igi yẹn tó ń pa ẹnu irin. Tẹ́ ẹ bá ń fi ayùn gé ìkarahun, ẹ bo imú, ẹ fi omi rin ín. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ wá fi èyí tó kù nínú owó CNC yẹn wá agbẹ́gilére kan ní Ìmẹ̀kọ, ní Ayétòrò tàbí ní Ìlaròó, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ yín ní fínfín, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un bẹ́ ẹ ṣe máa sanwó fún olùkọ́ gidi. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò ìrónilágbára, tẹ́ ẹ máa ń gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo wá síwájú ogún ọmọ kẹ́ ẹ lè yàwòrán pẹ̀lú rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Owó ẹ̀rọ yẹn tó ra ọ̀bẹ, chisel àti òkúta ìpọ́nbẹ fún ogún ọmọ náà, á tún ṣẹ́ kù tí wọ́n lè fi san owó agbẹ́gilére fún oṣù mélòó kan. Àwọn àgbà tó mọ fínfín ń kú lọ, ọmọ wọn ń gun ọ̀kadà, a sì ń fi owó tó yẹ kó kàn wọ́n ra ohun tí iná ò ní gbé. Mo bẹ̀ yín, ní ọdún tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta CNC, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ládùúgbò yín, àti iye tó máa gbà láti kọ́ ọmọ márùn-ún.